Wọ́n Bu Omi Wa Lọ

Òórùn epo pupa gbígbóná ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kì í ṣe epo ọbẹ̀. Ìyá mi ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú, ó ń fi òwú kan epo sójú ibi tí sòbìà ti yọrí. Aràn náà funfun bí òwú ìránṣọ. Ó ti wé e mọ́ igi tín-ínrín kan, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bó bá já sínú, ẹsẹ̀ a wú, ẹni náà a sì wà nílẹ̀ títí iṣu ẹlòmíràn yóò fi ta.

Abúlé wa wà lọ́nà Òrò-Àgọ́, ọ̀nà tí àwọn onímọ́tò máa ń kùn kí wọ́n tó tọ̀ ọ́. Owó epo rọ̀bì ń ṣàn nílùú nígbà náà. Àwọn ará ilé wa tó wà l'Ékòó ń gbé rédíò ńlá wálé, wọ́n ń ròyìn afárá tí wọ́n ń kọ́ sórí ọ̀sà. Àwa ń mu omi adágún. Àsìkò tó yẹ ká máa kọ ebè gan-an ni sòbìà máa ń dá àgbà àti ọmọdé dùbúlẹ̀. Nígbà mìíràn, ilé ìwé wa kì í ṣí, nítorí olùkọ́ pàápàá kò lè rìn.

Láàárọ̀ yẹn ni jíìpù kan dúró sábẹ́ igi odán. Àwọn olùwádìí láti yunifásítì ni. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a wá ń pè ní Dókítà, dọ̀bálẹ̀ kí baálẹ̀ wa dáadáa, baálẹ̀ sì gbà wọ́n láyè. Wọ́n bu omi adágún sínú ìgò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lápá wa, wọ́n ya ẹsẹ̀ ìyá mi ní fọ́tò. Ìyá mi béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi omi wa ṣe. Dókítà ní àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn yóò sì padà wá sọ ohun tí àwọn bá rí. Ìyá mi se iṣu fún wọn. Wọ́n jẹ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ.

Mo dúró dè wọ́n. Bí mo bá ti gbọ́ ìró mọ́tò, mo ti sáré jáde. Ìyá mi a máa sọ pé, "Abèèrè kì í ṣìnà," ṣùgbọ́n ta ni kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ọdún yípo, sòbìà tún dé. Orúnkún bàbá mi ló ti yọ lọ́tẹ̀ yìí, orúnkún náà kò sì nà mọ́ títí bàbá mi fi kú. Àwọn tó bu omi kò padà.

Nígbà tí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ girama l'Ọ́mù-Àrán, ìlú ti le. À ń tò fún súgà, àwọn ará Èkó kò sì wálé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa ya sòbìà sójú pátákó. Ó ní omi mímu ló ń gbé e wọ inú ènìyàn, pé ẹni tó bá gbé ọgbẹ́ sòbìà wọ omi ló ń tú ọmọ aràn sí i, pé bí a bá fi aṣọ tó hun pọ̀ dáadáa sẹ́ omi náà, a bọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀. Mo dìde, mo bi í bóyá wọ́n ti mọ èyí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí òun. Mo rántí orúnkún bàbá mi. N kò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn mọ́.

Nígbà tí a gba ọlidé, mo délé, mo ròyìn fún ìyá mi.

"Wọ́n jẹ iṣu mi," ó ní, "wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì mọ̀?"

Ó mú mi lọ bá Ìyá Olómi, arúgbó tó ń bójú tó ètùtù adágún náà. Mo rò pé yóò ní mo ń ba omi àwọn baba wa lórúkọ jẹ́. Ó gbọ́ mi tán, ó ní omi kò ṣẹ̀ wá, àwa ni à ń gbé ọgbẹ́ wọ inú rẹ̀. Ó sọ ọ́ di èèwọ̀: ẹni tó bá ní sòbìà kò gbọdọ̀ wọ adágún, kí ẹlòmíràn máa pọn omi fún un. Mùsùlùmí gbà, onígbàgbọ́ gbà. Àwọn ìyá wa ń fi aṣọ sẹ́ omi. Àìsàn náà kò lọ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó ń dínkù.

Ìgbà yẹn ni jíìpù náà tó wá padà dé, pẹ̀lú ìgò tuntun. Ìyá mi lọ dúró níwájú Dókítà.

"Ẹ káàbọ̀, Dókítà. Kí lẹ rí nínú omi tí ẹ bù lọ?"

Ó ní àwọn ti kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì ń kà á títí dé òkè òkun.

"Ta ló kà á fún wa?"

Dókítà ní, "Ẹ má bínú, ìyá. Wọ́n rán wa pé ká wádìí ni. Wọn ò rán wa pé ká wá sọ."

Ìyá mi ní ẹnikẹ́ni kò ní na apá lọ́jọ́ náà, àfi bó bá jókòó kó sọ gbogbo rẹ̀. Dókítà jókòó sórí ẹní. Ó gbé ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá jáde, Ìyá Olómi ló kọ́kọ́ wo inú rẹ̀, ó rí àwọn nǹkan tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú omi. Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, Dókítà béèrè ohun tí àwa fẹ́ kí wọ́n bá wa wádìí. Baálẹ̀ ní ká mọ ibi tí a lè gbẹ́ kànga sí tí kò ní gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Dókítà mú àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ wá lóòótọ́, àwọn ọkùnrin abúlé gbẹ́ ẹ, omi sì rú.

Lónìí, èmi náà ń wádìí omi, mo sì ní ìgò tèmi. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń kùn pé mo ń pẹ́ jù lábúlé, pé iṣẹ́ ti parí, kí ni mo tún padà lọ ṣe? Láìpẹ́ yìí, mo padà sí àdúgbò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè-Onígbìn láti sọ fún wọn pé kànga wọn kò dára, bẹ́ẹ̀ n kò tíì ní òmíràn tí mo lè fún wọn. Wọ́n bínú sí mi, mo sì jókòó tì wọ́n. Ọmọdébìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà rò pé bí òun bá kàwé, ọkàn òun yóò balẹ̀. Kò tíì balẹ̀. Nígbà náà, ó ń dúró de ẹni tí yóò wá dá a lóhùn. Èmi ni àwọn ará abúlé ń dúró dè báyìí.