Àtàǹpàkò Kan fún Odindi Ọkọ̀

Ẹ bá mi yọ̀ o, wọ́n ti sọ mí di ayédèrú èèyàn lónìí!

Gádì tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò ní Glei gba ìwé gbogbo wa nínú ọkọ̀. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó yọ tèmi sọ́tọ̀.

"Ìyá aláṣọ, ayédèrú ni tiyín."

"Ọ̀gá, ọ́fíìsì Kọ̀máńdà ní Atakpamé ni mo ti gbà á. Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe lu òǹtẹ̀ ẹ̀."

"Kò jọ ti àwọn yòókù."

Dẹ́rẹ́bà wa bú sẹ́rìn-ín. "Mo ṣáà ní kí n bá yín gba ìwé ní Agbonou bíi ti àwọn yòókù, ẹ ní ẹ ó lọ tò sórí ìlà."

Mo wá tẹjú mọ́ àwọn ìwé tó dáa yẹn. Ti bàbá arúgbó, ti ìyàwó tuntun, ti alápatà: gbogbo àtàǹpàkò tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ ló ní àpá ọ̀bẹ tó dábùú ẹ̀, níbì kan náà! Àṣé ọ̀bẹ kan ló gé gbogbo wọn. Ẹ kú ewu o. Tèmi nìkan ni kò lápàá, torí ọwọ́ ara mi ni èmi òmùgọ̀ fi tẹ̀ ẹ́.

Gádì ṣàánú mi. Ó ní òun á ṣe ojúlówó fún mi, kí n ṣáà mọ̀ ọ́n ṣe. Mo na àtàǹpàkò mi sí tàdáwà.

"Ẹ fi tiyín sílẹ̀, Ìyá."

Ló bá ti tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Àpá ọ̀bẹ dábùú ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ yẹ ìwé yín wò. Ọwọ́ ta ló wà níbẹ̀?