Okùn Tí Wọ́n Fi Wọn Ilẹ̀ Àwọn Berroterán

Bí ẹ bá bi àwọn Berroterán bí ilẹ̀ wọn ṣe di tiwọn, wọ́n á ní ọba Sípéènì ló fún bàbá àgbà wọn, ìjọba Mẹ́síkò sì fi òǹtẹ̀ lù ú fún bàbá wọn. Wọn ò ní dárúkọ Onofre. Wọn ò ní dárúkọ Casilda ọmọ rẹ̀ rárá, nítorí ojú ń tì wọ́n. Èmi Jacoba, tí mo fi ọdún mọ́kàndínlógójì se oúnjẹ fún ìdílé náà, èmi ni n ó dárúkọ wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Onofre. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá dùn, kó lọ forí sọ ògiri.

Don Hilarión, bàbá àgbà wọn, ló kọ́kọ́ dé. Sójà ọba ni, ìbaaka méjì ló kó wá láti gúúsù, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti lu. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, gómìnà yọ̀ǹda fún un kó máa da màlúù láti ẹnu odò lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ kò mọ màlúù dà. Onofre ló mọ̀ ọ́n. Ilé àwọn àlùfáà ni wọ́n ti tọ́ Onofre dàgbà bíi ti gbogbo àwa ọmọ onílẹ̀, ibẹ̀ ló ti kọ́ ẹṣin gígùn àti bí wọ́n ṣe ń ju okùn mú akọ màlúù lórí eré. Igba màlúù ló bá Don Hilarión sọ di ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí akọ màlúù kan fẹ́ fi ìwo gún ọkùnrin náà pa, Onofre ló sọ okùn sí i lọ́rùn. Don Hilarión dìde nínú eruku, ó nawọ́ sí ìsun omi tó wà lábẹ́ òkè, ó ní:

"Onofre, ìsun yẹn àti ilẹ̀ tó yí i ká, tìẹ ni, tìẹ àti tọmọ ẹ."

Kò kọ ọ́ sínú ìwé. Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń kọ ìwé?

Onofre fi bíríkì amọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ó gbin àjàrà. Ibẹ̀ ló bí Casilda sí, ibẹ̀ náà ló sin ìyá Casilda sí. Ọdún mọ́kànlélógún ló lò níbẹ̀, a sì máa ń lọ mu omi rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, torí omi odò ní iyọ̀ díẹ̀.

Don Hilarión kú. Sípéènì lọ, Mẹ́síkò dé. Ìjọba tuntun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àlùfáà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹnikẹ́ni tó bá mú ìwé ẹ̀bẹ̀ wá pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tó fẹ́. Don Fermín ọmọ Don Hilarión jókòó sídìí tábìlì tí mo ń gbé oúnjẹ sí, ó ya àwòrán náà fúnra rẹ̀. Ó ya odò, ó ya òkè, ó ya igi, ó ya ìsun. Kò ya ilé Onofre. Lábẹ́ àwòrán náà ló kọ ọ́ sí pé ilẹ̀ òfìfo ni, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rán adamàlúù mẹ́rin pé kí wọ́n lọ fa òrùlé ilé náà wó, kí irọ́ rẹ̀ lè di òótọ́.

Onofre wá sí àgbàlá wa, ó ká fìlà mọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ká àjàrà tọdún yìí."

"Ṣé ìwé wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Bàbá yín ló fi ẹnu ara wọn fún mi."

"Bàbá mi ti kú. Lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n kọ ìwé fún ẹ."

Àwọn adamàlúù bú sẹ́rìn-ín. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọbẹ̀ gbígbóná wà lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run ló sì mọ ohun tí kò jẹ́ kí n dà á lé e lórí. Onofre kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ lábẹ́ ahéré ẹ̀yìn ilé ìdáná mi tó fi kú. Ó ní ká sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó òun. Don Fermín ní òun ò fẹ́ òkú nínú pápá òun. Ibi tí wọ́n ń sin àlejò sí la sin ín sí, nínú ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí.

Casilda ò sunkún lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, n ó gbé bàbá mi lọ sí ìsun. Fermín á sì wà láyé, á fojú ara ẹ̀ rí i."

Mo ní: "Pẹ̀lú agbára wo?"

Ó ní: "Mi ò tíì mọ̀."

Ó dúró sínú ilé ọ̀tá, ó ń hun okùn. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Á tẹ́ awọ màlúù sílẹ̀, á fi ọ̀bẹ gé e yípo láti etí dé àárín títí yóò fi di ọ̀já kan ṣoṣo, á rẹ ẹ́ sómi, á fà á, á hun ún ní ìdì mẹ́jọ, á wá fi ọ̀rá màlúù pa á. Kò sí adamàlúù tó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré débi pé á ju okùn ẹlòmíì. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń kí Don Fermín ní àárọ̀ àti ní alẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi ni ẹ̀rín yẹn ń bà lẹ́rù.

Ìwé ilẹ̀ dé láti ọ̀dọ̀ gómìnà, àmọ́ ilẹ̀ kì í di tèèyàn lọ́dọ̀ tiwa àfi tí adájọ́ bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá wọ̀n ọ́n. Okùn awọ tó gùn ní àádọ́ta ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n á so ó mọ́ igi gígùn méjì, ẹlẹ́ṣin méjì á mú un, ọ̀kan á gún igi mọ́lẹ̀, ìkejì á sáré lọ síwájú títí okùn á fi le, á gún tirẹ̀, wọ́n á máa ka okùn bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé Don Fermín sọ pé láti ẹnu odò lọ sí ìlà oòrùn, ọgọ́rùn-ún okùn, kò gbọ́dọ̀ lé ẹyọ kan. Ìsun Onofre wà ní nǹkan bí okùn márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Tó bá jẹ́ èèyàn tí nǹkan ń tó ni, ìsun náà ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Àmọ́ ojú ọ̀kánjúà kì í kún. Ó tún fẹ́ koríko tútù tó wà lẹ́yìn ìsun.

Ó pe Casilda. Mo ń gé àlùbọ́sà nítòsí, ẹni tó ń dáná fúnni sì dà bí ògiri lójú olówó.

"Casilda, awọ tí kò gbó dáadáa ni kó o fi hun okùn yẹn. Adájọ́ á wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ nínú àgbàlá mi níhìn-ín. Tá a bá wá wọ inú ìrì etí odò láàárọ̀ kùtùkùtù, á máa tutù, á máa fà. Ṣó yé ẹ?"

"Ó yé mi, ọ̀gá. Okùn á gùn, ẹnu á sì máa pè é ní àádọ́ta."

"Orí ẹ pé. Bàbá ẹ ò gbọ́n tó ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," ló wí.

Ó bá mi nídìí ààrò, ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ tí adájọ́ bá dé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tètè yó."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀gá fẹ́ okùn gbígbẹ tó máa tutù. Okùn tútù tó máa gbẹ ni n ó fún un. Awọ tútù máa ń fà, tí oòrùn bá pa á, á sún kì. Oòrùn ni mo ń bẹ̀ lọ́wẹ̀. Ẹ bá mi dá wọn dúró títí yóò fi mú."

Ọ̀rọ̀ ò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbẹ́ kòtò ìkà tí ò mọ̀ pé kó má gbẹ́ ẹ jìn, kí la fẹ́ ṣe fún un?

Don Baltasar adájọ́ dé ní ìdájí pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀ àtàwọn ẹlẹ́rìí láti oko ìtòsí. Odindi ọjọ́ kan ni okùn ti wà nínú agbada omi. Casilda ti fa á dáadáa, ó ti nu ún, ó ti fi ọ̀rá pa á lára, ó ń dán bí okùn tuntun ṣe ń dán. Adájọ́ fi ọ̀pá ìdíwọ̀n rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Àádọ́ta géérégé. Wọ́n so ó mọ́ igi méjèèjì, Don Fermín sì ti ń fẹsẹ̀ kan wá ẹṣin.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ kí ìrì tó kúrò nílẹ̀. Mo ní kí oòrùn... kí oòrùn tó mú."

Adájọ́ nà, ó yán. "Don Fermín, mo ti gun ẹṣin láti àná. Ṣé ilé Berroterán ni mo dé tàbí ilé ẹlòmíì?"

Ó tán. Àwọn Berroterán lè jí ilẹ̀, wọ́n lè lé arúgbó síta, àmọ́ kí àlejò kúrò nílé wọn láìjẹun, ó sàn kí wọ́n kú. Don Fermín rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń ro. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé! Jacoba!"

Jacoba gbọ́. Ṣokoléètì ni mo kọ́kọ́ gbé jáde, mo sì lù ú kó tó hó bí ẹni pé bíṣọ́ọ̀bù ló fẹ́ mu ún. Lẹ́yìn náà, ògì àgbàdo. Lẹ́yìn náà, ẹyin alátá. Ẹ̀wà tẹ̀ lé e. Don Fermín sáré wọ ilé ìdáná.

"Kí ló ń dá ẹran dúró?"

"Igi ló tutù, ọ̀gá."

"Igi tutù? Lásìkò yìí?"

"Ìrì ni, ọ̀gá. Ìrì pọ̀ lónìí."

Mo gbọ́ adájọ́ tó ń pariwo láti yàrá pé òun ò ní dìde láìjẹ ẹran tí òun ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n nu ọwọ́ tán, ojú oòrùn ti wà láàárín orí, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ti ń fẹ́ láti ìlà oòrùn. Okùn náà wà lórí ọgbà, Casilda ló ta á síbẹ̀ nínú oòrùn, kó má baà di eléruku. Don Fermín wò ó, ó mí kanlẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé: "Kò burú. Àádọ́ta náà ni."

Gbogbo wa la tẹ̀ lé wọn, àwọn kan lórí ẹṣin, àwa kan nínú kẹ̀kẹ́ akọ màlúù. Nígbà tí wọ́n ka ọgọ́rin, Don Fermín ń kọrin. Nígbà tí wọ́n ka àádọ́rùn-ún, orin dákẹ́. Ẹlẹ́ṣin gún igi ọgọ́rùn-ún mọ́lẹ̀, ìsun Onofre sì wà níwájú wọn lọ́hùn-ún, ó ku bí okùn mẹ́ta.

"Rárá o! Ìsun yẹn, tèmi ni! Okùn yìí ti sún kì! Ẹ tún un wọ̀n!"

Adájọ́ wò ó. "Nínú àgbàlá yín la ti wọ̀n ọ́n. Òṣìṣẹ́ yín ló hun ún. Báwo ni okùn gbígbẹ ṣe ń sún kì?"

Casilda rìn jáde, ó tẹrí ba. "Adájọ́, ṣé kí n sọ bí ọ̀gá mi ṣe ní kí n hun ún?"

Ó wo Don Fermín, Don Fermín wò ó. Àwọn ẹlẹ́rìí tó ní ilẹ̀ tó bá tirẹ̀ pààlà wà nítòsí, ilẹ̀ wọn ni koríko tútù tó fẹ́ fi okùn jí yẹn. Kó tó dáhùn, gbogbo òógùn ara rẹ̀ ti jáde.

"Kò sóhun tó ṣe okùn," ló wí.

"Ṣé ẹ lè búra bẹ́ẹ̀?"

Ó búra. Wọ́n ní kó ṣe bí onílẹ̀ tuntun ṣe ń ṣe, ó fa koríko tu, ó ju òkúta sí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fi ìbòrí mi bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Casilda ò rẹ́rìn-ín. Ó ní: "Adájọ́, ìsun yẹn, ta ló ni ín báyìí?"

"Ó ti bọ́ síta ààlà. Ìjọba ló ni ín, títí ẹnì kan á fi tọrọ ẹ̀."

"Mo tọrọ ẹ̀. Ẹ wá wo ògiri bàbá mi àti sàréè ìyá mi."

Oṣù méje ni ìwé rẹ̀ fi dé. Lọ́jọ́ kejì la fi kẹ̀kẹ́ akọ màlúù gbé egungun Onofre gba iwájú ilé Don Fermín kọjá, a ò yára rárá.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ẹ̀san ti tó. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, òjò kọ̀. Ọdún kejì, ó tún kọ̀. Odò di yanrìn, kànga ilé wa di ẹrẹ̀. Ìsun Casilda nìkan ló ń ṣàn, ó sì ti mọ ògiri òkúta yí i ká, ó fi ẹnu ọ̀nà kan sí i. Don Fermín kó màlúù tó kù wá, òun fúnra rẹ̀, torí adamàlúù méjì péré ló ṣẹ́ kù fún un. Èmi ni mo gbé oúnjẹ ọ̀sán wọn tẹ̀ lé wọn.

"Casilda," ló wí, "àwọn ẹran ń kú."

"Mo rí i. Màlúù ò ṣẹ̀ mí, kí wọ́n wọlé. Àwọn tó ń dà wọ́n ò ṣẹ̀ mí, kí àwọn náà wọlé. Jacoba, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé. Berroterán ò ní wọlé."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà. Lójoojúmọ́, màlúù á wọlé mu, adamàlúù á mu, á bọ́jú, ọkùnrin tó ni wọ́n á dúró sẹ́yìn ògiri nínú oòrùn, á máa gbọ́ bí omi ṣe ń ṣàn. Ó lè dúró sílé. Àmọ́ kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ẹran rẹ̀, ó ti dàgbà sínú àìfọkàntánni.

Lọ́jọ́ kan tí ooru mú jù, ó di ògiri mú. Ètè rẹ̀ ti bó. "Casilda, òǹgbẹ ń gbẹ mí."

"Mo mọ̀," ni Casilda wí, kò gbójú sókè níbi tó ti ń hun okùn.

Don Fermín wá yíjú sí mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, igbá omi wà lọ́wọ́ mi, ó kún dé etí. Mo ti bọ́ ọkùnrin yìí láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Jacoba. Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́."

Kò pè mí ní ìyá rí. Mo gbé igbá náà sẹ́nu níṣojú rẹ̀, mo mu ún tán.