Ojú-Àwòdì àti Ìgò Àbúrò Rẹ̀

Ní yàrá àyẹ̀wò tí obìnrin kan ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, Ojú-Àwòdì ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe àpọ́nlé lásán. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò títí tí wọn ò rí, á fojú sí maikirosikóòpù lẹ́ẹ̀kan péré, á ní, "Òun nìyẹn. Àbí ẹ ò jẹun láàárọ̀ ni?"

Òróró kan wà tó ń ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ tò létòlétò bí ẹní tí wọ́n hun. Kírísítà olómi ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á pò ó mọ́ omi títí á fi di ẹ̀kán wínníwínní, wọ́n á fi ọṣẹ díẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n pa á lára. Lábẹ́ maikirosikóòpù, àmì àgbélébùú á hàn nínú ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá wá kán ìtọ̀ sí i, tí purotéènì sì wà nínú ìtọ̀ náà, purotéènì á bó ọṣẹ yẹn kúrò, àgbélébùú á tú ká. Àgbélébùú tú, kíndìnrín ń jò nìyẹn. Àgbélébùú dúró, kí onítọ̀hún máa lọ sílé ní àlàáfíà.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Kò gba bàtà mọ́."

"Ìwọ tó ń jókòó sídìí ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́! Gba ìgò yìí, tọ̀ sí i, màá bá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Kò sí aláìsàn tí Ojú-Àwòdì kì í kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má fọ ìgò yẹn, kí wọ́n má tilẹ̀ ṣan án. Àbúrò rẹ̀ nìkan ni kò kìlọ̀ fún. Ta ló ń ka òfin fọ́mọ ìyá ẹ̀? Aránṣọ ní òun ò lè gbé ìgò onídọ̀tí lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n òun. Ó fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Nígbà tí Ojú-Àwòdì ṣí ìdérí, òórùn ọṣẹ kọ lù ú nímú. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ọmọ tí ìyá wa tọ́!" ló sọ fún akẹgbẹ́ rẹ̀. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Háà, ọdún mọ́kànlá! Ọṣẹ inú ìgò pọ̀ ju ohun tí purotéènì lè bó tán. Àgbélébùú dúró ṣinṣin nínú gbogbo ẹ̀kán. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù.

"Kò sí nǹkan kan. Má wulẹ̀ lọ tò sórí ìlà nílé ìwòsàn. Ṣáà máa gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí."

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, àbúrò ṣubú níwájú oníbàárà tó ń wọn aṣọ fún. Dókítà ní kíndìnrín méjèèjì ti kú, ẹ̀rọ ni á máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí lọ. Ojú-Àwòdì ní irọ́ ni, òun fúnra òun yẹ̀ ẹ́ wò! Orí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ló ti rántí òórùn ọṣẹ yẹn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Kò tiẹ̀ rí omi lójú láti sunkún.

Nígbà tó wọ yàrá àwọn aláìsàn, àbúrò rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kọjú sí obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń sọ fún yín nìyí. Wọ́n tètè yẹ̀ mí wò o. Àìsàn yìí ló dé lójijì, kì í ṣe pé wọn ò tọ́jú mi."

Ojú-Àwòdì lè dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀?

"Kò dé lójijì," ló sọ. "Ọṣẹ inú ìgò yẹn ló bò ó mọ́lẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀. Ṣe ló yẹ kí n dà á nù, kí n fún ẹ ní òmíràn."

"Ṣebí èmi ni mo fọ̀ ọ́."

"Ìwọ ò mọ̀. Èmi mọ̀."

Àbúrò ń wò ó. "Ká ní ẹ rí i lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Ṣé wọn ì bá wò ó sàn?"

Ojoojúmọ́ ni Ojú-Àwòdì ń sọ fáwọn aláìsàn pé bí wọ́n bá tètè dé, oògùn á ká a.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló ní.

Aránṣọ rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Kò pariwo, kò bú u.

"Ẹ máa lọ sílé," ló sọ. Láti kékeré tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ló ti ń pè é ní ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ yẹn, kò pè é bẹ́ẹ̀.