Kọ̀ǹpútà Tó Kú Lálẹ́ Ọjọ́ Abẹ́rẹ́

Òórùn ẹja tútù ló máa ń wà lára aṣọ mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ibafo. Ìyá mi ń ta ẹja tútù ní Mowe, kò sì sí ohun tó bẹ̀rù tó iná ìjọba. Kì í ṣe àìsí iná ló ń bẹ̀rù o, dídé iná ni. Ìgbà kan wà tí iná dé lójijì, tó wá pẹ̀lú agbára, tó sì jó fíríìsà rẹ̀ pẹ̀lú ẹja bámúbámú nínú. Láti ìgbà náà ló ti di òfin nílé wa pé ẹni tó bá máa jáde gbọ́dọ̀ pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná, kó sì fa okùn wọn yọ lára ògiri. Kéèyàn kàn pa á lásán kò tẹ́ ìyá mi lọ́rùn, àfi kó rí i pé okùn ti wà nílẹ̀. Inú òfin yìí ni mo dàgbà sí, débi pé ọwọ́ mi máa ń ṣe é kí ọkàn mi tó mọ̀.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa níṣẹ́ jẹ́ ọkùnrin kan tó ń gbé ní Arepo. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ Èkó, lọ bọ̀, lójoojúmọ́, kó tó rí iṣẹ́ tó lè máa ti ilé ṣe. Ó gba yàrá kan ní Ibafo, ó sì kó àwa ọ̀dọ́ bíi mélòó kan jọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sọ fún wa pé kọ̀ǹpútà tá a máa lò kò sí nínú yàrá náà. Òkè òkun ló wà, nínú ilé ńlá kan tó kún fún irú rẹ̀. Àwa kàn máa yá a lò, a ó sì máa kọ àṣẹ ránṣẹ́ sí i. Ó ní àwọsánmà ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Mo nawọ́, mo béèrè pé, “Sà, ta ló ń bá wọn tan jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀?” Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. “Ìwọ ṣáà kọ́ṣẹ́, jàre,” ó ní. Àmọ́ nígbà tí mo tẹ àṣẹ mi àkọ́kọ́, tí kọ̀ǹpútà tí mi ò rí rí náà dá mi lóhùn láti ibi tí mi ò dé rí, gbogbo irun ara mi ló dìde. Mo wo ìka mi bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò fẹ́ràn nínú ẹ̀kọ́ ọ̀gá ni pé kì í jẹ́ ká fi ọwọ́ to nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà náà. Gbogbo ohun tá a bá fẹ́ kó ṣe la gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ ní ìlànà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: irú kọ̀ǹpútà tá a fẹ́, ilẹ̀kùn tó gbọ́dọ̀ tì kí olè má bàa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú rẹ̀, ètò tó gbọ́dọ̀ gbé sórí ara rẹ̀. Ibòmíì la máa ń tọ́jú ìlànà yẹn sí, ibòmíì pátápátá sì ni àkọsílẹ̀ àwọn tó ń lo ètò wà. Mo máa ń kùn lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀gá kàn fẹ́ràn wàhálà ni.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀gá fà lé mi lọ́wọ́ jẹ́ ti ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan ní Ifọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ fẹ́ ètò tó máa sọ fún un, bó bá ti tẹ orúkọ ọmọ sórí fóònù, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kàn fún ọmọ náà. Ó ní òun máa dán an wò ní ọjọ́ abẹ́rẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́, òun máa gbà á, bí kò bá ṣiṣẹ́, òun máa padà sídìí káàdì òun. Ọjọ́ náà ni ìyá mi náà ń wò. Àǹtí mi kan ti rí iṣẹ́ fún mi ní ọ́fíìsì kan ní Èkó, irú èyí téèyàn máa jí lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, tó máa darí dé nígbà táwọn ará ilé bá ti ń sùn. Ìyá mi sọ ọ́ kedere: “Bí àwọn ará Ifọ̀ bá gbà á, mo gbà. Bí wọn ò bá gbà á, wàá múra Èkó. Mi ò lè máa ṣàlàyé fáwọn èèyàn pé ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ nínú àwọsánmà.”

Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ abẹ́rẹ́, mo dán ètò náà wò títí ó fi dá mi lójú. Inú mi dùn. Mo dìde láti máa lọ sílé, mo pa fáànù, mo fa okùn rẹ̀ yọ. Mo pa kọ̀ǹpútà orí tábìlì, mo fa tiẹ̀ náà yọ. Mo wá rántí èyí tó wà lókè òkun, mo ṣí i lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ni ín fi síwájú mi láti pa á: èyí tó máa dá a dúró díẹ̀, àti èyí tó máa fòpin sí i pátápátá. Ọmọ ìyá mi ni mí, mo yan èyí tó le jù. Mo tilẹ̀ gbóríyìn fún ara mi, pé bí iná bá dé lójijì lọ́dọ̀ wọn lóru, kò sóhun tó máa ṣe tèmi.

Nígbà tí mo dé Ifọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ìyá ọlọ́mọ ti kún orí bẹ́ǹṣì. Mo kúnlẹ̀ kí nọ́ọ̀sì àgbà, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó tẹ orúkọ ọmọ àkọ́kọ́. Kò sóhun tó jáde. Ó tún un tẹ̀. Òfìfo. Mo jáde síta, mo pe ọ̀gá.

“Kí lo ṣe kó o tó lọ sílé lánàá?”

“Mo pa á ni, sà.”

“O pa kí ni?”

“Kọ̀ǹpútà òkè òkun yẹn, sà. Nítorí iná.”

Mo gbọ́ tí ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó wá di ikọ́. Omi ti lé sójú tèmi. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ti kú pátápátá. Ìyá mi máa ní kí n lọ Èkó.”

“Gbé láptọ́ọ̀pù ẹ jáde,” ó ní. “Ṣé o rántí ìlànà tó o máa ń kùn sí yẹn? Pè é wá, kó o ní kó ṣiṣẹ́. Àṣẹ kan péré ni.”

Mo jókòó sáàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ, mo fi fóònù mi fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo tẹ àṣẹ náà. Ìlà ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú dúdú láptọ́ọ̀pù mi. Ìlànà náà wá kọ̀ǹpútà tuntun kan lókè òkun. Ó ti àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó gbé ètò wa lé e lórí. Ó lọ wá àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ níbi tó wà, ó sì so ó mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni ò gbé nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ò ru nǹkan kan. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò tíì parí tí gbogbo ohun tí mo pa fi tún wà láàyè, tí kò dín, tí kò lé. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó dùn, irú tó máa ń bani téèyàn bá kọ́kọ́ rí òkun. Ọwọ́ èmi ọmọ ẹlẹ́ja yìí ló kọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo èyí fi ṣẹlẹ̀! Mo sunkún níbẹ̀, mi ò tijú.

“Ṣé kò sí o, àǹtí?” obìnrin náà béèrè.

Nínú ilé, mo gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì àgbà: “Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti dé! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà yìí ṣáà!” Ó pe ọmọ àkọ́kọ́ wọlé. Kí oòrùn tó mú, ó ti sọ fún mi pé òun gbà á.

Nígbà tí mo délé, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó sì pe àǹtí mi lórí fóònù. “Ẹ ṣeun o, ọmọ náà ò ní lè wá mọ́. Ó ti ríṣẹ́.” Mo gbọ́ tí àǹtí béèrè ibi tí iṣẹ́ náà wà. Ìyá mi wò mí, ó wo òkè, ó tún wò mí. “Ifọ̀ ni... àbí òkè òkun ni. Ẹ ṣáà bá mi dúpẹ́.”

Ọdún ti gorí ọdún. Kọ̀ǹpútà tí mo ti fi ọwọ́ ara mi pa, tí mo sì tún gbé dìde, kò lóǹkà mọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ mi nìyẹn, Mowe yìí náà ni mo ti ń ṣe é. Ìyá mi ò tíì mọ ibi tí iṣẹ́ náà wà gan-an. Ká sòótọ́, èmi náà ò débẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá tẹ àṣẹ yẹn tán, kí ìlà àkọ́kọ́ tó jáde, mo ṣì máa ń mú èémí dúró.