Ògiri Tó Gba Àárín Ilẹ̀ Òkú Kọjá

Bàbá Tẹ̀léra ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Ìròyìn tó gbẹ̀yìn nípa rẹ̀ ni pé ìgbìmọ̀ káńsù pàṣẹ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá pé kí wọ́n hú òkú ìyàwó rẹ̀ kúrò níbi tí ó sin ín sí. Òun fúnra rẹ̀ ni olùtọ́jú ilẹ̀ ìsìnkú náà, òun ló sì gbẹ́ sàréè ọ̀hún.

Ilẹ̀ ìjọba ni. Nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ níbẹ̀, òfin kan ṣoṣo ló bá: ẹni tó bá kú lónìí ni yóò sùn ti ẹni tó kú lánàá. Ó ń na okùn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn náà. Ọlọ́rọ̀ ń sùn ti alágbe, ìyá ìjọ ń sùn ti alhaji. Bí àwọn ẹbí bá ń janpata pé iwájú làwọn fẹ́, á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀léra. Ẹni tó bá fẹ́ iwájú, ṣebí kó tètè kú ni." Ibẹ̀ ni orúkọ ti mọ́ ọn lára.

Pásítọ̀ wá bá a nígbà kan pé kí wọ́n gbé àgbélébùú sórí géètì. Ó ní kò ṣeé ṣe. Lẹ́yìn náà ni Lèmọ́ọ̀mù wá, pé kí ó ya ìlà méjì tó wà lábẹ́ igi sọ́tọ̀ fún àwọn èèyàn òun. Ó ní ìyẹn náà kò ṣeé ṣe.

"Bàbá, ẹ̀sìn wo gan-an lẹ̀ ń ṣe?" ni Lèmọ́ọ̀mù bi í.

"Bí mo bá délé, màá rántí. Níbí, ṣọ́bìrì ìjọba ni mo gbé dání."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi gbà á nígbà náà.

Nílé, ọmọ ìjọ ni òun, ọmọ mùsùlùmí sì ni ìyàwó rẹ̀, aránṣọ kan tó máa ń fi ẹnu mú pín-ìn-nì bó ti ń sọ̀rọ̀. Kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, kò sì sí èyí tó ní kí ẹnì kejì yí padà. Bíbélì ọkọ àti ẹní ìkírun ìyàwó wà lórí àpótí kan náà. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyàwó ní gbogbo Jímọ̀ pé ìgbà wo ni yóò mú ọkọ rẹ̀ wá. Ó sú u, ó sì ń kírun nílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ọlọ́run mọ ojúlé wa," ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú obìnrin yìí dé, Pásítọ̀ àti Lèmọ́ọ̀mù ni wọ́n jọ pàdé lẹ́nu géètì, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n fẹ́ wá gbàdúrà. Bàbá Tẹ̀léra ro ọ̀rọ̀ náà. Bí òun bá gba ọ̀kan láyè, ọ̀la ni èkejì yóò wí pé ó ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí òun bá gba àwọn méjèèjì, wọn yóò jà sórí òkú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ó sọ ìyàwó rẹ̀ kalẹ̀ láìsí àdúrà kankan tó ròkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ káfíńtà kan tó kú lánàá ọjọ́ náà. Ó rò pé ohun tó tọ́ ni òun ṣe.

Ìdìbò ni ó bà á jẹ́. Alága káńsù tuntun ti ṣèlérí fún àwọn ẹlẹ́sìn méjèèjì pé kálukú yóò ní ilẹ̀ tirẹ̀, ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Wọn yóò mọ ògiri gba àárín, ìlà tí aránṣọ wà gan-an ni ògiri náà yóò sì gbà. Gbogbo òkú inú ìlà náà ni wọn yóò kó kúrò, olórí ẹ̀sìn yóò sì jẹ́rìí sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sí ìhà tirẹ̀. Lèmọ́ọ̀mù gba tirẹ̀, Pásítọ̀ gba káfíńtà àti àwọn ọmọ ìjọ yòókù. Ó wá ku ẹnì kan.

Bàbá Tẹ̀léra lọ bá Lèmọ́ọ̀mù nílé.

"Ọmọ wa ni," ni Lèmọ́ọ̀mù wí. "Ta ló ní kì í ṣe ọmọ wa? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ lé wa lẹ́nu géètì. Òkú tí a ò wẹ̀, tí a ò kírun sí lára, báwo ni mo ṣe fẹ́ kó o wọ àárín àwọn tèmi? Àfi kí ẹ wá sí mọ́ṣáláṣí, kí ẹ sọ níwájú jàmáà pé ẹ̀yin lẹ fi agbára gbà á kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀."

"Mi ò fi agbára gbà á."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ ọ́."

Pásítọ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó dáadáa. "Bàbá, ó rọrùn. Ẹ sọ fún ìjọ pé ó gba Jésù kó tó kú. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀."

"Ohun tó sọ kó tó kú ni pé kí n ti fèrèsé."

"Ẹ fi ti fèrèsé sílẹ̀, jàre."

Ó kọrí sí káńsù. Akọ̀wé káńsù ń mu tíì.

"Bàbá Tẹ̀léra! Ẹ tún ti dé."

"Akọ̀wé, ilẹ̀ ìjọba ni. Owó orí ni aránṣọ yẹn san fún yín, kò san ìdámẹ́wàá, kò san sàká. Ṣé ìjọba ti wá ní ẹ̀sìn ni?"

"Ó ní méjì. Ṣé ìyẹn ò dáa ju ọ̀kan lọ?" Akọ̀wé rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. "Bàbá, òkú kì í dìbò. A ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọgbà ìsìnkú fún àwọn tí kò lẹ́nìkan. A ò ní ju ìyàwó yín nù."

Bàbá mọ ilẹ̀ ọ̀hún. Gọ́tà ilé ìpẹran gba ibẹ̀ kọjá, bí òjò bá sì ti rọ̀, omi rẹ̀ á kún bo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì gbẹ́ ibẹ̀ rí tí kò kan omi dúdú kó tó jìn dé orúnkún.

Bó ti ń jáde, ó rí Pásítọ̀ àti Lèmọ́ọ̀mù lábẹ́ ibòji ọgbà káńsù, wọ́n ń bá alága ṣàwàdà, ọwọ́ ọ̀kan wà léjìká èkejì. Àwọn méjì tí kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀. Ó kí wọn. Wọ́n dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Nígbà tó délé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì ní ìlú mìíràn, pè é lórí fóònù.

"Dádì, ẹ ṣáà sọ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Mọ́mì ò ní bínú."

"Mo mọ̀ pé kò ní bínú."

"Kí ló wá dé?"

"Òun ò sí níbí tí yóò fi sọ pé irọ́ ni. Mi ò lè gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí kò sọ."

"Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n gbé e sínú omi?"

Ọmọ náà sunkún títí káàdì rẹ̀ fi tán. Bàbá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí. Ó ti gbìyànjú lálẹ́ àná láti fi irọ́ méjèèjì dánra wò, ó dá nìkan dìde nínú yàrá, ó la ẹnu. Kò sí èyí tó jáde. Kò ka èyí sí ìwà akin. Ó ní bóyá ọkàn òun ti le jù ni, bóyá ẹlòmíràn tó nífẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ì bá ti sọ ọ́.

Ní Ọjọ́rú ni ọmọ rẹ̀ ń bọ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn lébìrà káńsù yóò wá ṣí ilẹ̀. Akọ̀wé ti ránṣẹ́ pé kí Bàbá Tẹ̀léra má wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, pé wọn kò ní yọ ọ́ nínú owó oṣù. Ó ti fi èsì ránṣẹ́ pé òun yóò wá, nítorí ẹnì kan ní láti sọ̀kalẹ̀ lọ gbé e, òun kò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.