Ike Tí Wọ́n Yọ Nídìí Fáànù

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọdébìnrin ní Isikan, ní Àkúrẹ́ níbí, bàbá mi ní mọ́tò kan tó fi ń kó èrò lọ sí Oǹdó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wọ mọ́tò láìṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún yín. Rédíétọ̀ ló ń mú omi inú ẹ́ńjìnnì tutù. Fáànù wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fa atẹ́gùn gba inú rẹ̀ kọjá, ike dúdú ńlá kan sì yí fáànù náà ká kí atẹ́gùn má baà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Bí mọ́tò bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà tó o. Ìgbà tó bá ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ó mọ iṣẹ́ tí ike yẹn ń ṣe.

Àbúrò bàbá mi ni mẹkáníìkì wa. Ó ń pààrọ̀ bẹ́líìtì lọ́jọ́ kan, ike náà ń dí i lọ́wọ́, ló bá tú u. Nígbà tó ṣe tán, kò dá a padà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó ráyè gba atẹ́gùn. Ìdíwọ́ lásán ni nǹkan yìí."

Bàbá mi gbà. Ta ni yóò bá mẹkáníìkì jiyàn, tó tún jẹ́ ọmọ ìyá ẹni? Láti ọjọ́ náà ni kẹ́ẹ̀gì omi kò ti kúrò nínú búùtù mọ́. Wọ́n á ní mọ́tò ń mu omi, bí ẹni pé ewúrẹ́ ni.

Ọmọ Oǹdó ni màmá mi, ibẹ̀ ló sì ti bí gbogbo wa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí láàárọ̀ ọjọ́ kan, a gbé e sínú mọ́tò, èmi náà sì wọlé tì í. Ọ̀nà dán, a sáré dáadáa. Àmọ́ bí a ṣe wọ Oǹdó, ọjọ́ ọjà ni, mọ́tò kún ojú títì, kò sẹ́ni tó lè rìn. Kò pẹ́ tí èéfín fi bo iwájú wa, ẹ́ńjìnnì sì kú. Bàbá mi dúró ti rédíétọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́, kò lè ṣí i nítorí ó ń hó. Àwọn obìnrin ọlọ́jà fi aṣọ ká màmá mi mọ́. Ibẹ̀ ló bímọ sí. Ìwọ́ ti wé mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Ọkùnrin ni. Kò ké.

Mẹkáníìkì Oǹdó tó tún mọ́tò náà ṣe ló bi bàbá mi pé ta ló yọ ike ìdí fáànù.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ wá kí wa, ó ní àmúwá Ọlọ́run ni. Gbogbo ilé ṣe àmín. Màmá mi kọjú sí ògiri.

Lónìí, iná ló ń yí fáànù ọ̀pọ̀ mọ́tò, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ayé ti yí padà lóòótọ́. Ẹnu wa ni kò yí padà: a ó fi ọwọ́ ara wa ba nǹkan jẹ́, a ó sì dì í ru Ọlọ́run. Inú ṣì ń bí mi, n kò ní purọ́ fún yín. Ó yẹ kí ọmọ ìyá mi kan máa pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Èmi ni àbíkẹ́yìn títí dòní.