Bàlúù Tó Balẹ̀ Lóko Wa

Nígbà tí wọ́n ní bàlúù yóò máa balẹ̀ nítòsí Kàbà, oko wa ni wọ́n fi ṣe pápá. Àwọn dògarí, ọlọ́pàá ọba, wá, wọ́n ní ká hu iṣu tí kò tíì ta. Ọkọ mi bẹ̀ wọ́n, kòbókò ni wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n tún fi òun náà kún àwọn tó ń gé igi.

Bàlúù ọ̀hún kò tóbi. Apá rẹ̀ kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀, okùn irin ló so wọ́n pọ̀. Kò sí iṣẹ́ tí kì í ṣe. Ó ń kó lẹ́tà àti oògùn wá, ó ń fọ́n májèlé sórí eéṣú, ó sì ń gbé aláìsàn lọ sí Lọ́kọ́ja. Ewúrẹ́ mi mẹ́ta ló jẹ koríko tó fọ́n májèlé sí, tí wọ́n kú.

Nígbà tí wọ́n ń fẹ pápá náà sí i, igi wó lu ọkọ mi lẹ́sẹ̀. Egungun yọ síta. Òjò ti ba ọ̀nà mọ́tò jẹ́, ṣùgbọ́n bàlúù wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú ògbufọ̀ tó ń túmọ̀ fún òyìnbó tó ń wa bàlúù.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kí ó gbé e lọ."

Ó bá òyìnbó sọ̀rọ̀, ó yíjú sí mi.

"Ó ní bàlúù òun kì í ṣe ọkọ̀ òkú."

Ìṣojú mi ni wọ́n ti kó ẹrù ògbufọ̀ wọ inú bàlúù, bàlúù sì gbéra. Ní ọjọ́ kẹrin ọkọ mi kú. Ẹsẹ̀ náà ti ń rùn.

Ògbufọ̀ wá kí mi. "Okun o," ló wí, bí àwa ará ibẹ̀ ti ń kíni, ó sì jókòó jẹun.

Lẹ́yìn oṣù kan, bàlúù tún dé. Oníṣòwò ni bàbá mi ní Kàbà, mo gbọ́ Hausa lọ́dọ̀ rẹ̀, òyìnbó náà sì gbọ́ díẹ̀, n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Mo bi í léèrè ìdí tó fi kọ ọkọ mi. Òun náà fi Hausa dá mi lóhùn.

"Mo ní kí wọ́n gbé e wá. Ògbufọ̀ ní ẹ̀yin lẹ kò gbà."

Mo lọ bá ògbufọ̀ láàárín èrò, mo sọ ọ́ sí i lójú. Kò sẹ́. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Lọ rojọ́ fún Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Ta ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ọ?"

Mo kó padà sílé bàbá mi. Bàlúù kò yéé kọjá lórí wa. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi tí kò tíì pé ọdún méjì juwọ́ sí i tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo gbá a lọ́wọ́ títí ọwọ́ náà fi wú. Kò mọ ohun tó ṣe. N kò sì sọ fún un.